Ìgbà Ìwọ́wé Ni Ọdún Ọgbà Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó ń dá ọgbà níbẹ̀ ló máa ń kó irinṣẹ́ wọlé. Tẹ̀tẹ̀ ti so èso, ewédú ti le, ata kò pọ́n mọ́, atẹ́gùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ni lára. A ó ti ilẹ̀kùn ọgbà, ó di oṣù Kẹta. Èrò tí orí ìwé yìí fẹ́ tún ṣe nìyẹn. Láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá ni a fi ń ṣe ọgbà ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá dúró de oṣù Kẹta kí ó tó gbé ọkọ́ ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kò sì sí owó tó lè ná ní ilé ìtajà tí yóò dá gbogbo ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ padà.

Ibi tí èrò náà ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Nílé, òjò ló ń pín ọdún. Òjò àkọ́rọ̀ ni àgbẹ̀ ń wò kí ó tó da irúgbìn sílẹ̀; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé tí ilẹ̀ gbẹ, oníkálukú a sinmi, àfi ẹni tó bá ní àkùrọ̀. Nígbà tí a bá gbé òye yìí dé London tàbí Manchester, a ó máa rò pé ìgbà òtútù ni ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, pé ìgbà ìrúwé sì ni àkọ́rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi kì í wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù. Ó máa ń pọ̀ jù ni. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ló ń wọ́n, àwọn méjèèjì kì í sì í jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Ooru inú ilẹ̀ a máa pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bí i mélòó kan. Inú àlàfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ ìgbà ìwọ́wé wà, ẹni tó bá sì mọ àlàfo náà ni yóò mọ ohun tó yẹ kí òun gbìn àti èyí tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìmọ́lẹ̀. Ní Ìbàdàn, ọ̀sán tó gùn jù lọ nínú ọdún kò fi wákàtí kan gbáko ju èyí tó kúrú jù lọ lọ. Ní London, ọ̀sán oṣù Kẹfà a máa tó wákàtí 16 ààbọ̀, ti oṣù Kejìlá kì í sì í pé 8. Nígbà tí oṣù Kẹwàá bá fi máa parí, ọ̀sán ti wá sílẹ̀ ju wákàtí 10 lọ, láti ìgbà náà ni ewé kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà mọ́, bó ti wù kí ilẹ̀ lọ́ràá tó. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ tètè ń mọ èyí lára. Bí ọ̀sán ṣe ń kúrú ni wọ́n ń sáré tanná, ẹni tó bá rò pé ajílẹ̀ ni kò tó yóò kàn máa da owó nù ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbin ẹ̀fọ́ ní oṣù Kẹwàá pẹ̀lú ìrètí pé òun yóò já a jẹ nígbà Kérésì. Kale tí a ti gbìn láti ìgbà ooru ni a ó máa já ní gbogbo ìgbà òtútù. Ó gba irú, ó gba epo, ó sì ń ṣe ẹ̀fọ́ rírò dáadáa. Ìrì dídì pàápàá ń mú un dùn sí i, nítorí ṣúgà máa ń pọ̀ sí i nínú ewé náà bí òtútù bá dé, òun ni kì í sì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ tètè dì.

Ilẹ̀ ní tirẹ̀ kì í tètè tutù. Ilẹ̀ ìparí oṣù Kẹsàn-án gbóná ju ilẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta lọ, kódà lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ òkè bá dọ́gba, nítorí pé odindi ìgbà ooru ni ọ̀kan fi gba oòrùn sára, tí èkejì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti inú òtútù bọ̀. Òjò náà sì ti padà. Ooru wà nísàlẹ̀, omi wà nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ òkè ló kù díẹ̀: ìgbà tó dára fún gbòǹgbò nìyẹn, kò dára fún ewé. Gbogbo ìmọ̀ràn tó kù nínú orí yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde.

Aáyù ni ẹ̀rí tó hàn kedere jù lọ. Ẹni tó gbìn ín nígbà tí oṣù Kẹrin ti wọra, tó sì wú u nígbà ooru, lè bá a pé kò pín: róbótó kan ṣoṣo bí àlùbọ́sà kékeré, kò ní awẹ́. Kì í ṣe ilẹ̀ ló burú. Aáyù ní láti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà nínú òtútù tó rẹlẹ̀ ju nǹkan bí ìwọ̀n 10 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó lè pín sí awẹ́. Bí a bá gbìn ín ní oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, yóò ta gbòǹgbò nínú ilẹ̀ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, òtútù yóò bá a níbẹ̀, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá sì padà, gbòǹgbò rẹ̀ yóò ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ibi tí oòrùn ń dé tí omi kì í dúró sí ni ẹ wá fún un, kí ó má sì jẹ́ ibi tí ẹ gbin àlùbọ́sà sí láìpẹ́, nítorí àrùn tó ń mú ìdí àwọn méjèèjì rà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ tú odindi orí aáyù sí awẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ gbìn ín, ẹ má ṣe bó èèpo rẹ̀, kí ẹ sì yan àwọn tó tóbi. Awẹ́ tín-ín-tín kì í sábà di orí ńlá. Ìdí tó pẹrẹsẹ ni kí ó wà nísàlẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ lókè, kí ilẹ̀ bò ó ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, kí awẹ́ kan sì jìnnà sí èkejì ní 15. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹyẹ a máa fà wọ́n tu. Ẹ má kàn tì í wọlẹ̀ padà pẹ̀lú agbára, nítorí gbòǹgbò tó ti ń yọ yóò kán. Ẹ fi ọwọ́ gbẹ́ ihò rẹ̀ ní tuntun. Nípa aáyù inú ọjà, lóòótọ́ ó lè hù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti China tàbí Spéìn wá, ojú ọjọ́ tí ó mọ̀ yàtọ̀ sí ti ibí, ó sì lè gbé àrùn wọ ilẹ̀ yín. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn ni kí ẹ ti ra ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè máa fi tiyín gbìn lọ́dọọdún.

Ọ̀nà kan náà ni àwọn ìyókù gbà. Ẹ̀wà ńlá tí wọ́n ń pè ní broad bean, pàápàá irú tí wọ́n ń pè ní Aquadulce Claudia, ni a ń rì sínú ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 láti ìparí oṣù Kẹwàá dé Kọkànlá. Ó ń tètè so ju ti ìgbà ìrúwé lọ, ẹ̀ka rẹ̀ a sì ti le kí kòkòrò dúdú tó ń fa omi ara rẹ̀ tó pọ̀ níta. Àlùbọ́sà kéékèèké tí a ń tún gbìn náà ní irú tirẹ̀ tó wà fún ìgbà yìí, bíi Radar. Igi ápù tàbí igi èso mìíràn tí wọ́n ń tà láìsí erùpẹ̀ nídìí, láti oṣù Kọkànlá ni a ń gbìn ín, owó rẹ̀ sì sábà ń dín sí ti inú ìkòkò.

Apá kejì nínú ọ̀rọ̀ náà ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ibí yìí sì ni àdánù tí a kì í fi ojú rí wà. Ní Rothamsted, ní ẹkùn Hertfordshire, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí oko láti ọdún 1843, wọ́n ya ègé ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ ní ọdún 1870, wọ́n sì ṣe abẹ́ rẹ̀ kí omi òjò tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè bọ́ sí ibi tí wọn yóò ti wọ̀n ọ́n. Wọn kò gbin nǹkan kan sórí rẹ̀, wọn kò sì da ajílẹ̀ sí i. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni omi tó ń jáde nísàlẹ̀ fi ń gbé náítírójìn lọ, èròjà tí ewé fi ń tutù yọ̀yọ̀. Ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù ni irú àdánù yìí pọ̀ sí jù lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín inú rẹ̀ ṣì ń tú èròjà sílẹ̀, kò sì sí gbòǹgbò tí yóò gbà á. Òjò a wá wẹ̀ ẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀. Ọgbà tí a ro kanlẹ̀ ní oṣù Kẹwàá tí a fi sílẹ̀ ní gbalasa, bó ti wù kó mọ́ lójú tó, ohun tí a ó tún fi owó ra ní oṣù Kẹrin ló ń ṣàn jáde nínú rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ọ̀nà kan ni ká gbin ohun tí a kàn fẹ́ fi bo ilẹ̀. Ọkà rye ṣì ń hù títí di ìparí oṣù Kẹwàá, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń di ilẹ̀ mú gidigidi. Ṣùgbọ́n bí a bá gé e tí a rò ó mọ́lẹ̀ ní ìgbà ìrúwé, ká dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí a tó gbin irúgbìn wẹ́wẹ́ síbẹ̀, torí pé kì í jẹ́ kí wọ́n hù dáadáa. Músítáàdì rọrùn jù ú lọ, ìrì dídì ló máa ń pa á, àmọ́ ìdílé kan náà ni òun àti kábéèjì. Níbi tí àrùn tó ń mú gbòǹgbò kábéèjì wú bá ti wọlé, ẹ má ṣe gbìn ín. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbin nǹkan kan lè fi ajílẹ̀ tó ti jẹrà bo ilẹ̀, tàbí kí ó tẹ́ páálí sí i, kí ó sì da ewé lé e. Tí ìgbẹ́ ẹṣin bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ẹ ṣọ́ra: oògùn apakoríko kan wà tí wọ́n ń fín sí koríko ìjẹ ẹran, ó máa ń gba inú ẹṣin kọjá láìbàjẹ́, ó sì ń lọ́ ewé tòmátò àti ẹ̀wà po. Ẹ bu díẹ̀ nínú ìgbẹ́ náà pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ nínú ìkòkò, ẹ gbin ẹ̀wà mẹ́ta síbẹ̀. Bí ewé wọn bá yọ láìlọ́, ẹ lè lò ó.

Ewé tó ń wọ́ ni ọrọ̀ àkókò yìí, ó sì yà mí lẹ́nu pé inú ọ̀rá ìdọ̀tí ni púpọ̀ nínú wa ń dì í sí. Ẹ ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ fi wáyà yí i ká, ẹ da ewé sínú rẹ̀ nígbà tí òjò bá ti rin ín, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìdílé olú ló ń jẹ ewé rà, wọn kì í kánjú: ó di ọdún kan kí ó tó dára láti fi bo ilẹ̀, ọdún méjì kí ó tó di ilẹ̀dú rírọ̀ tí a lè gbin irúgbìn sínú rẹ̀. Ewé igi oak ń jẹrà dáadáa. Ewé plane, igi tó kún ẹ̀gbẹ́ títì London, nípọn, ó sì ń pẹ́, nítorí náà ẹ ti ẹ̀rọ ìgékoríko gba orí rẹ̀ kọjá kí ẹ tó kó o. Ẹ má ṣe kó ti ẹ̀bá títì ọlọ́kọ̀ púpọ̀, ẹ má sì lọ gbá ti inú igbó, torí pé igbó náà ń jẹ ẹ́.

Àwọn kan yóò ní: ṣé a kò ní tú ilẹ̀ ni? Àwọn àgbà ọlọ́gbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà gbọ́ pé ìgbà ìwọ́wé ni a ń fi ṣọ́bìrì tú ilẹ̀ amọ̀, kí ìrì dídì lè fọ́ ọ, àwa náà sì mú ebè kíkọ wá láti ilé. Ìdí wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Omi tó bá dì nínú ògúlùtu a máa wú, ògúlùtu a sì fọ́. Ṣùgbọ́n òtútù líle ni ìyẹn ń fẹ́, ìgbà òtútù gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sábà ń jẹ́ ti òjò ju ti yìnyín lọ. Òjò náà ló ń lu ilẹ̀ tí a tú pa, tí ojú rẹ̀ fi ń dì. Bákan náà, títú ilẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń mú kí náítírójìn tú síta sí i lákòókò tí kò sí ẹni tí yóò lò ó. Charles Dowding, ọlọ́gbà kan ní Somerset, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbin nǹkan kan náà sórí ègé ilẹ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ajílẹ̀ wọn sì dọ́gba. Ó ń tú ọ̀kan, kì í tú èkejì, ó sì ń wọn ohun tó bá ká. Lápapọ̀, èyí tí kò tú ló fi díẹ̀ pọ̀ ju èkejì lọ. Ẹnìkan lè sọ pé ọgbà ẹyọ kan kò tó láti fi ṣe òfin, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Kódà ká ní wọ́n dọ́gba, ọ̀kan ti gba ẹ̀yìn wa lọ́wọ́ ìrora. Níbi tí mo ti gbà pé ó yẹ ká gbẹ́lẹ̀ ni ilẹ̀ tuntun tí igi wẹ́wẹ́ àti ẹ̀gún ti ta gbòǹgbò sí. Ní ti ebè, ohun tó ń ṣe fún wa nílé, pé ó ń gbé gbòǹgbò kúrò nínú omi, ègé ilẹ̀ gíga tí a fi pákó yí ká yóò ṣe é láìjẹ́ pé a ń kọ ọ́ lọ́dọọdún.

Àtakò tó lágbára jù ú lọ ni ti ìmọ́tótó. Wọ́n ní bí a bá fi pòròpòrò àti ewé sílẹ̀, àrùn yóò sùn síbẹ̀, ìgbín tí kò níkarahun yóò sì pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni ní apá kan, apá náà ni kí a dá mọ̀. Ọ̀dùnkún òyìnbó àti tòmátò tí àrùn blight bá mú, irú àrùn tó run ọ̀dùnkún ilẹ̀ Ireland láti ọdún 1845, kò gbọ́dọ̀ sùn nínú ọgbà. Ẹ hú gbogbo ọ̀dùnkún kúrò nílẹ̀, títí kan àwọn tín-ín-tín, torí inú èyí tó bá kù láàyè ni àrùn náà ń gbà dé ọdún kejì. Bákan náà ni kábéèjì tí gbòǹgbò rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n pòròpòrò tó dá ṣáká kò ṣẹ̀ wá. Ẹ la igi òdòdó kan tó ti gbẹ ní oṣù Kọkànlá, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá kòkòrò pupa alámì dúdú nínú rẹ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún ara wọn mọ́ra; àwọn yẹn ni yóò jẹ kòkòrò tó ń fa omi ara ẹ̀wà wa ní oṣù Karùn-ún. Hedgehog, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún tó ń jẹ kòkòrò àti ìgbín, inú òkìtì ewé àti igi ló ń sùn sí. Ẹni tó bá fẹ́ dáná ní 5 oṣù Kọkànlá, alẹ́ tí gbogbo ìlú ń jó igi, kí ó kó òkìtì náà kúrò lójú kan sí òmíràn kí ó tó ṣáná sí i. Ní ti ìgbín, ẹ ṣí ojú ilẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbin nǹkan wẹ́wẹ́ síbẹ̀, kí ẹyẹ lè rí ẹyin wọn jẹ.

Kí ni ká ṣe sí àwọn ohun ọ̀gbìn ilé wa tí òtútù máa pa dandan? Ká gbà wọ́n là kí ìrì dídì tó dé, èyí tó lè jẹ́ inú oṣù Kẹwàá níbi tó bá jìnnà sí àárín ìlú. Ẹ gé orí tẹ̀tẹ̀ tó ti gbẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú àpò bébà, irúgbìn dúdú wẹ́wẹ́ rẹ̀ yóò tó ẹ̀yin àti aládùúgbò. Ata rodo tó wà nínú ìkòkò, ẹ gbé e wá sí ojú fèrèsé kí òru tó tutù kọjá ìwọ̀n 10, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kù, ẹ má fi omi rin ín púpọ̀. Èyí tó bá yè é ń so ṣáájú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ewúro náà gbọ́dọ̀ wọlé. Elégédé ní tirẹ̀, ẹ gé e pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ẹ fi í sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá kí èèpo rẹ̀ lè le, yóò sì dúró fún oṣù mélòó kan.

Ó ku ti àkókò. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru nílé ìwòsàn, tó tún ní ọmọ tó ń lọ ilé ìwé, yóò béèrè ibi tí òun yóò ti rí àyè. Èsì mi ni pé ìgbà yìí ló fúyẹ́ jù: kò sí omi bíbù, èpò kò fi bẹ́ẹ̀ hù mọ́, wákàtí kan sì tó fún poro aáyù kan. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò ni ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, tí wọ́n ń dá agogo padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ a ti ṣú kí òṣìṣẹ́ ọ̀sán tó dé ilé, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló kù. Ẹni tó yá ilẹ̀ allotment lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tún ní ìdí kan sí i. Òfin ọdún 1908 ló jẹ́ kí ilẹ̀ náà wà fún ará ìlú, àmọ́ ìwé àdéhùn sábà ń béèrè pé kí a máa dá a, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń tò dè é. Ilẹ̀ tí aáyù ti hù lórí rẹ̀, tí rye sì bo ìyókù, kò sí alábòójútó tí yóò pè é ní ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ sá fi sílẹ̀.

Bí ẹ kò bá lè ṣe ju ohun méjì lọ lọ́dún yìí, ẹ gbin aáyù, kí ẹ sì bo ilẹ̀ tó kù. Ẹ sì tètè ra aáyù náà, torí pé èyí tó dára nínú rẹ̀ sábà máa ń tán lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á kí ọdún Kérésì tó dé.